Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ìwé Ìtàn Àràmàǹdà Wò fún Ọmọ Ọdún 8 sí 12, Nígbà Tó Jẹ́ Ọmọbìnrin Ló Ń Rin Ìrìnàjò Náà

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn òbí, olùkọ́, olùtọ́jú ilé ìkàwé àti àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ka àfọwọ́kọ: "Mo ti ka ìwé náà tán, ó dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó dára fún ọmọ?" Ìtàn irú èyí jọra wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan kúrò nílé, ó ń wá ohun tó sọnù tàbí ẹni tí wọ́n gbé lọ, idán wà lọ́nà, ọ̀tá wà níwájú. Torí pé wọ́n jọra, ó rọrùn láti yin gbogbo wọn, ó sì rọrùn láti tì gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ṣùnnùkùn la fi ń wo ọ̀rọ̀ ṣùnnùkùn. Bí ẹ bá tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí, ẹ ó lè ṣí ojú ìwé kan pàtó kí ẹ sì sọ pé, "Ibí ni mo ti rí i."

Bí àyè kò bá gbà yín ju ìgbésẹ̀ kan lọ, Ìgbésẹ̀ 4 ni kí ẹ mú: ẹ ka iye ìgbà tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe ìpinnu tó yí ìtàn padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé irú èyí ti ń ṣubú, aláyẹ̀wò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wo ibẹ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé náà lódindi. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tó, torí olùkọ̀wé máa ń tún ibẹ̀ ṣe ju ibi yòókù lọ.
- Pẹ́ńsù kan, àti ègé bébà kéékèèké tí ẹ máa fi sáàárín ojú ìwé.
- Bébà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìpinnu, ọ̀kan fún idán, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà.
- Àkókò láti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti àkókò: bí ìwé bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 50,000, tí ẹ sì ń ka ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú kan, kíkà àkọ́kọ́ á gbà yín ní wákàtí 3 àti 20 ìṣẹ́jú. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí pẹ́ńsù wà lọ́wọ́, á gbà tó ìlọ́po méjì. Ẹ má jẹ́ kí kíkà àkọ́kọ́ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá fà á gùn, ẹ ó ti gbàgbé òfin tí wọ́n ṣe ní orí 3 kí ẹ tó dé orí 20 tí wọ́n ti rú u.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí á fi òṣùwọ̀n àwọn ọ̀dọ́ wọn ìwé ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ọjọ́ orí ọmọbìnrin náà. Ó sábà máa ń wà láàárín ọdún 10 sí 13. Ọmọ fẹ́ràn láti kà nípa ẹni tó fi ọdún kan tàbí méjì jù ú lọ. Ọmọ ọdún 12 kì í fẹ́ ka ìtàn ọmọ ọdún 8.
2. Gígùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé fún ọjọ́ orí yìí wà láàárín ọ̀rọ̀ 30,000 sí 60,000. Ìtàn àràmàǹdà lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dé 75,000, torí olùkọ̀wé ní ayé tuntun láti tò. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí gígùn náà ń ṣe.
3. Gígùn orí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 1,500 sí 2,500 ló bá a mu. Àgbà tó ń ka orí tó ní ọ̀rọ̀ 2,000 jáde fún ọmọ kí ó tó sùn máa lò tó ìṣẹ́jú 13.
4. Ohun tó wà láàárín ìtàn náà. Bí ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin bá jẹ́ òpó ìtàn, tí ọmọbìnrin náà sì ti pé ọdún 16, ìwé ọ̀dọ́ nìyẹn. Ó lè dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe inú àpótí yìí ló wà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kà á tán láìmú pẹ́ńsù

Ẹ jókòó, kí ẹ máa kà á lọ bí ọmọ ṣe máa kà á. Ègé bébà nìkan ni kí ẹ máa fi síbi tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ti ṣẹlẹ̀: ibi tí ẹ ti gbé ìwé sílẹ̀ nígbà tí oorun kò kùn yín tí iṣẹ́ kò sì pè yín, ibi tí ojú yín ti ń fo ìlà, ibi tí àyà yín ti já tàbí tí ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu yín. Ẹ má kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí a bá sáré kọ máa ń yàtọ̀ sí èyí tí a máa rí nígbà tí a bá padà débẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ìrìnàjò náà

Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ wá kún àwọn àlàfo yìí:

"Ọmọ náà ń wá ______ torí pé ______, ṣùgbọ́n ______ dínà mọ́ ọn, bí kò bá sì rí i kí ______ tó dé, ______ ló máa pàdánù."

Ibi tí ẹ kò bá ti lè kún ni àìlera ìwé náà wà. Bí "torí pé" bá ṣófo, ọmọ náà ń rìn torí pé wọ́n ní kó máa rìn. Bí "kí ______ tó dé" bá ṣófo, kò sí ohun tó ń lé e, ẹ ó sì rí i pé àárín ìwé náà á rọ̀ jọwọrọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdáhùn bíi "kí ayé má baà parẹ́". Ayé tóbi jù fún ọmọ ọdún 9 láti gbá mọ́ra. Ìwé tó mọ́yán lórí máa ń fi ohun kékeré kan sínú ewu ńlá náà: ohùn àbúrò rẹ̀ tó ti dákẹ́, ilé tí wọ́n fẹ́ gbà, ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun kékeré yẹn ni kí ẹ wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ìwé. Nínú ìwé olójú-ewé 250, ó yẹ kí ẹ ti mọ ohun tó sọnù tàbí ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó dé ojú ìwé 25. Kí ẹ tó dé ojú ìwé 65, ó yẹ kí ọmọ náà ti kúrò nílé, kí ọ̀nà àtipadà má sì rọrùn mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka ìpinnu rẹ̀

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó tóbi jù nínú orí náà, kí ẹ sì fi lẹ́tà kan sọ ẹni tó fà á:

- M – ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀
- A – àgbà tàbí olùrànlọ́wọ́
- T – ọ̀tá
- S – àsọtẹ́lẹ̀ tàbí àyànmọ́
- K – kòńgẹ́ lásán

Ẹ má fún un ní M lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpinnu gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: ó rí ọ̀nà méjì ó kéré tán, ó mọ díẹ̀ nínú ohun tí èyí tó mú máa ná an, ohun tó ṣe sì yí orí tó tẹ̀ lé e padà. Bí ẹranko bá lé e tó sì sá, ìyẹn kì í ṣe ìpinnu. Bí ẹnì kan bá ní "lọ sí òkè yẹn" tó sì lọ, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kó má ṣí, tó sì mọ̀ pé wọ́n ní kó má ṣí i, M ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọmọ náà dé etí odò, afárá ti já.

*Bí olùkọ̀wé kan ṣe lè kọ ọ́:* Ẹyẹ ńlá kan balẹ̀, ó ní, "Ìwọ la ti ń retí," ó sì gbé e kọjá. Ojú ìwé mẹ́ta tó rẹwà gan-an ni. Lẹ́tà rẹ̀ ni A.

*Bí òmíràn ṣe lè kọ ọ́:* Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀. Ó máa tu ọmọ náà kọjá, ṣùgbọ́n òrùka ọrùn rẹ̀ ló fẹ́ gbà, òrùka kan ṣoṣo tí ìyá ọmọ náà máa fi dá a mọ̀. Ọ̀nà kejì ni kó rìn yípo odò fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló kù kí òṣùpá tó pé. Ọmọ náà ronú. Ó mú ìda àbẹ́là tó kù nínú àpò rẹ̀, ó tẹ òrùka náà mọ́ ọn kí àmì rẹ̀ lè hàn, ó wá gbé òrùka fún ọlọ́kọ̀. M ni èyí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá sì dá a mọ̀ ní orí 24, ìda yẹn ṣì wà nínú àpò.

Ẹ wo iye iṣẹ́ tí ìran kejì ṣe: a mọ̀ pé ọmọ náà lọ́gbọ́n, a rí ohun tó pàdánù, a sì ti gbin ohun kan tó máa hù lẹ́yìn ogún orí. Ìran àkọ́kọ́ fi hàn wá pé ẹyẹ lè fò.

Bí ẹ ṣe máa ka àbájáde rẹ̀. Nínú ìwé olórí 30:

- M 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀: ọmọ náà ló ni ìtàn.
- M 10 sí 14: ẹ wo ibi tí wọ́n kó jọ sí.
- M tí kò tó 10: wọ́n kàn ń gbé e kiri bí ẹrù ni, bó ti wù kí idà ọwọ́ rẹ̀ mú tó.

Ibi tí M wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ wo orí márùn-ún tó kẹ́yìn dáadáa. Bí lẹ́tà ibi tó ti dojú kọ ọ̀tá bá jẹ́ A, S tàbí K, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yẹ kó parí i. Ní ti K, òfin rẹ̀ rọrùn: kòńgẹ́ tó bá kó ọmọ náà sí wàhálà kò burú. Kòńgẹ́ tó bá yọ ọ́ nínú wàhálà, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbùkù.

Ẹ tún wá M kan tó kù díẹ̀ káàtó: ìpinnu kan tí ọmọ náà ṣe, tó kùnà, tó sì pa ẹlòmíràn lára. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nínú ìwé náà, kò sí ohun tí ọmọ náà kọ́ lọ́nà.

### "Akọni ọmọbìnrin": ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé máa ń sọ pé akọni ni. Ẹ béèrè irú akọni tó jẹ́.

- Ṣé ìjà nìkan ni wọ́n fi ń wọn ìgboyà rẹ̀? Ó yẹ kí ìgboyà tún wà nínú sísọ òótọ́, nínú dídúró ti ẹni tí gbogbo ènìyàn sá fún, nínú títọrọ àforíjì.
- Ṣé ó gbọ́dọ̀ fi àwọn ọmọbìnrin mìíràn ṣẹ̀sín kí a tó gbà pé ó yàtọ̀? Ẹ ka iye ọmọbìnrin àti obìnrin tó ní orúkọ, tí wọ́n sì bá a sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ aláìmọ̀kan tàbí ọ̀tá, ìwé náà ń sọ ohun kan fún ọmọbìnrin tó ń kà á.
- Ṣé ọkùnrin tí wọ́n jọ ń rìn ló máa ń rí ojútùú ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn?
- Ṣé ó lè sunkún kí ìtàn má fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà?

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣe ìwé ìṣirò fún idán

Ẹ fa ìlà sí bébà kejì kó ní òpó mẹ́rin: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, ohun tó ń náni, ẹni tó lè lò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹ bá kọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ náà ní àtùpà kan tó ń fi ọ̀nà tó fara sin hàn, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá tàn án, orúkọ ẹnì kan tó fẹ́ràn á bọ́ lórí rẹ̀. Ní orí 4, ó tàn án, ó gbàgbé orúkọ ajá rẹ̀. Ní orí 9, ó tún tàn án. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn láti pè é, ẹnu rẹ̀ là, orúkọ kò jáde. Ọ̀rẹ́ náà rí i, kò sọ nǹkan kan, ó ń bá a lọ. Títí débẹ̀, ìwé náà ń ṣe dáadáa. Ní orí 22, ọ̀tá ń bọ̀, ó tan àtùpà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ojú ìwé méjì, kò sì gbàgbé ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ìtàn ti fọ́. Ọmọ ọdún 9 á rí i. Ó lè má mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò ní bà á mọ́ láti ibẹ̀ lọ, torí ó ti mọ̀ pé olùkọ̀wé lè dárí owó jini nígbà tó bá wù ú.

Olùkọ̀wé tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí orúkọ kan ṣoṣo ló kù ní orí 22, kó sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ọmọ náà ń wá.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ bí àbùkù:

- agbára tuntun tó yọjú ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn ìwé láìsí àmì kankan ṣáájú;
- òfin tí wọ́n rú láìsọ ìdí;
- idán tí kò náni ní nǹkan kan ju pé ó rẹ èèyàn lọ, tí oorun alẹ́ kan sì ń wò ó sàn;
- àgbà tó lágbára láti yanjú gbogbo rẹ̀ ní ojú ìwé 10, tí a kò sì mọ ìdí tí kò fi ṣe é.

Kò pọn dandan kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí idán ti wá. Àwọn ìwé kan máa ń fi í sílẹ̀ bí àdììtú, ó sì máa ń dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àdììtú ni iye tó ń náni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tọ ojú ọ̀nà náà

Ẹ to gbogbo ibi tí ọmọ náà ti dúró sí orí bébà kẹta. Ẹ fi ìka bo ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: bí a bá yọ èyí kúrò, ṣé ohun kan máa yí lẹ́yìn rẹ̀? Ibùdó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán ọ̀kan nínú mẹ́ta: kó fún un ní ohun tàbí ìmọ̀ tó máa lò níwájú, kó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó yí èrò rẹ̀ padà nípa ẹnì kan. Ẹ sábà máa rí ibi tó rọ̀ láàárín orí 11 sí 20 nínú ìwé olórí 30, níbi tí "wọ́n mú un, ó bọ́, wọ́n tún mú un" ti ń yí po. Ẹ fi ègé bébà tí ẹ fi sínú ìwé ní Ìgbésẹ̀ 2 wé e. Wọn máa ń bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò ọjọ́ àti jíjìn. Bí lílọ bá gba ọjọ́ mẹ́rin, tí àbọ̀ gba ìdajì ọjọ́, ìdí gbọ́dọ̀ wà. Ọmọ ọdún 12 tó gbé ẹrù kò lè máa rin 60 kìlómítà lójoojúmọ́. Kí ló ń jẹ? Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ orí 8 dà ní orí 9? Bí àwòrán ilẹ̀ bá wà níwájú ìwé, ẹ fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán máa ń sọ ìlà oòrùn tí ìtàn ń sọ ìwọ̀ oòrùn.

## Ìgbésẹ̀ 7: Àgbà, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí olùkọ̀wé fi gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà gbé àgbà kúrò lọ́jà kí ọmọ tó lè ṣe ohun tirẹ̀. Ẹ wo bó ṣe gbé wọn kúrò. Pípa ìyá àti bàbá ní ojú ìwé kìíní jẹ́ ọ̀nà tó yá, kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dun ọmọ náà títí ìtàn á fi parí. Bí kò bá dárúkọ wọn mọ́ lẹ́yìn orí 2, irin iṣẹ́ ni wọ́n fi òkú náà ṣe. Àwọn ọ̀nà míì wà: àgbà tó ń ṣàìsàn, àgbà tí kò gbà á gbọ́, àgbà tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí idán náà kò jẹ́ kó ríran.

Ọ̀rẹ́: ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá, tó sì lè ta ko ti ọmọbìnrin náà. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀.

Ọ̀tá: ẹ fi gbólóhùn kan sọ ìdí rẹ̀ láìlo "ìkà" tàbí "agbára". Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kò tíì ní ìdí.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ kà á sókè

Ẹ yan ojú ìwé mẹ́ta: èkíní, ọ̀kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ǹgbèsì, ọ̀kan tí wọ́n ti ń jà. Ẹ kà á sókè ní ohùn yín gangan. Ibi tí èémí bá ti tán yín láàárín gbólóhùn, ẹ fàlà sí i. Nínú ọ̀rọ̀ǹgbèsì, ẹ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Láti mọ bí èdè rẹ̀ ṣe le tó, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ojú ìwé kan, kó ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò yé e. Ìka 0 sí 1 rọrùn. 2 sí 3 bá a mu. 4 le díẹ̀, ẹ lè jọ kà á. 5 ti le jù fún ọmọ yẹn láti dá kà ní báyìí. Ìwọ̀n yìí ń sọ nípa ọmọ kan àti ìwé kan, kò sọ pé ìwé náà kò dára.

Ẹ ka orúkọ tuntun tó wà ní orí kìíní. Bí orúkọ ènìyàn, ìlú àti ẹ̀dá abàmì bá ju méje lọ, ó ti ń di ẹrù. Ẹ tún ṣọ́ orúkọ méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan náà. Ọmọ á máa pa wọ́n pọ̀.

Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́: ẹ wá ìpínrọ̀ tí àgbà kan ti jókòó láti ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ìtàn fún ọmọ náà. Ẹ fi ọwọ́ bò ó. Bí ẹ̀kọ́ náà bá ṣì hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, ìpínrọ̀ yẹn kò wúlò. Bí kò bá hàn mọ́, ìtàn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ wọn ẹ̀rù

Ẹ má yọ ẹ̀rù kúrò. Ìrìnàjò tí kò bani lẹ́rù kò wú ọmọ lórí. Ohun mẹ́ta lẹ máa wò: ṣé wọ́n ń fa ìran ẹ̀jẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé ibi ìsinmi wà lẹ́yìn ìran tó le, ó kéré tán ojú ìwé méjì tí ọmọ lè mí, ṣé orí tó le jù parí sí ibi tí àgbà lè pa ìwé dé lálẹ́. Ikú lè wà níbẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ ní ìwúwo, kí ẹnì kan sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 10: Òpin

- [ ] Ìbéèrè gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 3 ti rí ìdáhùn.
- [ ] Ohun kan ti sọnù tí kò padà wá.
- [ ] Ọmọ náà ṣe ohun kan ní òpin tí kò ní lè ṣe ní orí 1, ẹ sì lè tọ́ka sí ibi tó ti kọ́ ọ.
- [ ] Bó bá padà sílé, ó rí ilé náà lọ́nà mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́, ilẹ̀kùn kan lè ṣí sílẹ̀ fún ìwé kejì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìwé yìí gbọ́dọ̀ parí nínú ìwé yìí. Bí wọ́n bá gé e láàárín ìjà, ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n tó rà á.

## Ìgbésẹ̀ 11: Ẹ gbé e fún ọmọ

Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó, kí ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin. Ẹ má béèrè pé "Ṣé o gbádùn rẹ̀?" Ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni láti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè:

1. Níbo lo ti dúró lánàá, kí ló sì dé tó o fi dúró níbẹ̀?
2. Sọ ìtàn náà fún mi bí ẹni pé mi ò tíì kà á.
3. Kí lo rò pé ó máa ṣe lẹ́yìn ibi tó o dé yìí?
4. Ta lo fẹ́ kó padà wá nínú ìtàn, tí kò padà wá?

Ìbéèrè kejì ló lágbára jù. Ohun tí ọmọ bá fò nígbà tó ń sọ ìtàn náà ni ohun tí ìtàn kò nílò. Bó bá ń fi "wọ́n wá gbé e" sọ gbogbo ìtàn dípò "ó wá ṣe", ẹ padà sí lẹ́tà tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 4.

## Ìgbésẹ̀ 12: Máàkì àti ìdájọ́

| Ohun | Máàkì |
|---|---|
| Ìpinnu ọmọ náà | 30 |
| Idán àti òfin rẹ̀ | 15 |
| Ojú ọ̀nà | 15 |
| Àgbà, ọ̀rẹ́, ọ̀tá | 15 |
| Èdè | 15 |
| Òpin | 10 |

Bí ìpinnu kò bá gba 15 nínú 30, ẹ má dámọ̀ràn ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn akọni ọmọbìnrin, kódà bí àpapọ̀ rẹ̀ bá lé ní 70. Ẹ ṣì lè yìn ín fún èdè rẹ̀ tàbí fún ayé tó tò.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìdájọ́, ìpínrọ̀ mẹ́rin tó: ohun tí ìtàn náà jẹ́ (ẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ìwé náà kí ẹ má baà tú àṣírí), ohun tó ṣe dáadáa, pẹ̀lú ìran kan pàtó, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, pẹ̀lú ìran kan pàtó, irú ọmọ tó máa fẹ́ràn rẹ̀.

## Àṣìṣe tí aláyẹ̀wò sábà máa ń ṣe

- Fífi ojú àgbà wò ó. "Mo ti mọ̀ pé àgbà yẹn ló máa dalẹ̀." Ẹ̀yin ti ka irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Fún ọmọ ọdún 9, ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́.
- Yíyin ìwé torí pé ọmọbìnrin ló wà níwájú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò tíì di iṣẹ́.
- Dídá a lẹ́bi pé ó jọ òmíràn. Gbogbo ìrìnàjò ló jọra ní egungun. Ẹ wo ẹran ara rẹ̀.
- Ṣíṣe àyẹ̀wò èèpo ẹ̀yìn. Kì í ṣe olùkọ̀wé ló sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Ẹ má fi ìlérí tó wà níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́.

## Bí àyè kò bá gbà yín

Wákàtí kan péré lẹ ní: ẹ ka orí 1, orí kan ní àárín gbùngbùn, àti orí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà Ìgbésẹ̀ 4. Ó tó láti pinnu bóyá ẹ máa ka ìyókù, kò tó láti kọ àyẹ̀wò.

Àfọwọ́kọ ni: ẹ má dá ara yín lágara pẹ̀lú àṣìṣe àmì ọ̀rọ̀ ní àkọ́kọ́. Ẹ fi bébà ìpinnu àti bébà idán ránṣẹ́ sí olùkọ̀wé bí wọ́n ṣe rí, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Wọ́n wúlò fún un ju lẹ́tà gígùn lọ.

Ìwé tí wọ́n túmọ̀ ni: ẹ ya àbùkù ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àbùkù ìtumọ̀. Ìpinnu, idán àti ojú ọ̀nà jẹ́ ti olùkọ̀wé. Gbólóhùn tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹ kà á sókè lè jẹ́ ti olùtumọ̀, ẹ sì dárúkọ olùtumọ̀ nínú àyẹ̀wò yín, yálà ẹ yìn ín tàbí ẹ bá a wí.